Ẹja Tí Ó Kú Nínú Omi Mímọ́

Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ fún àwọn ọ̀dọ́ àti gbogbo ọmọ ẹgbẹ́

Ní orúkọ Ọlọ́hun, Ọba Àjọkẹ́-ayé, Ọba Àṣàkẹ́-ọ̀run. Ọpẹ́ ni fún Ẹni tí Ó fi omi ṣe ìpìlẹ̀ gbogbo ohun abẹ̀mí. Kí ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Ànábì Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀, àwọn sàhábé rẹ̀ àti gbogbo ẹni tí ó tẹ̀lé wọn pẹ̀lú dáadáa títí di ọjọ́ ẹ̀san.



Ọ̀rọ̀ òní lè dà bí ọ̀rọ̀ kékeré létí àwọn kan. Ẹja inú ilé ni ó dá lé lórí: ẹja tí kì í ṣe ti ọbẹ̀, tí wọ́n fi sínú àpótí gíláàsì kí ojú lè máa wò ó, kí ọkàn sì balẹ̀. Ní Àpápá GRA, àti ní ọ̀pọ̀ ilé mìíràn ní ìlú Èkó, irú ẹja bẹ́ẹ̀ kì í sábà kú lọ́jọ́ tí omi rẹ̀ dọ̀tí. Ọjọ́ tí wọ́n bá fọ àpótí rẹ̀ ni ikú máa ń dé. Wọn a da omi àtijọ́ nù, wọn a fọ gíláàsì títí yóò fi máa dán, wọn a bu omi tuntun sí i. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́, ẹja ti léfòó, ikùn rẹ̀ ti kọjú sókè. Ọmọ ilé a bú sẹ́kún, àgbàlagbà a pariwo, gbogbo ojú a sì yí sí ẹni tí ó fọ àpótí náà, bẹ́ẹ̀ bí wọ́n ti rán an gan-an ni ó ṣe jẹ́ iṣẹ́ náà.

Ìbéèrè mẹ́ta ni ó yẹ kí á dáhùn. Kí ni ó pa ẹja náà? Ọrùn ta ni ẹ̀bi rẹ̀ wà? Kí ni ó sì yẹ kí á wí fún ọmọ tí ń sunkún?

ÀPÓTÍ ẸJA JẸ́ ÀWÙJỌ

Ó ti lé ní ẹgbẹ̀rún ọdún tí àwọn ará Ṣáínà ti ń sin ẹja aláwọ̀ wúrà tí gbogbo ayé mọ̀ sí goldfish nínú adágún omi àti nínú ìkòkò amọ̀. Ṣùgbọ́n fífi ẹja sínú gíláàsì, kí ó sì wà níbẹ̀ pẹ́, kò tí ì tó igba ọdún. Ní 1850, ọ̀gbẹ́ni Robert Warington, onímọ̀ kẹ́míkà ní Lọ́ńdọ̀nù, ròyìn fún àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ pé òun fi goldfish méjì sínú omi kan náà pẹ̀lú ewéko inú omi àti ìgbín inú omi. Ewéko ń pèsè afẹ́fẹ́ tí ẹja ń mí, ìgbín ń jẹ ewé tí ó bá rà, ẹja náà sì wà láàyè láìjẹ́ pé wọ́n ń pààrọ̀ omi rẹ̀ lójoojúmọ́. Ní 1853, wọ́n ṣí ilé ẹja fún gbogbo ènìyàn ní ọgbà ẹranko Lọ́ńdọ̀nù. Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, Philip Henry Gosse gbé ìwé jáde tí ó sọ orúkọ náà, aquarium, di ohun tí gbogbo ènìyàn ń pè.

Ẹ̀kọ́ tí ó wà nínú ìtàn kúkúrú yìí ni pé àpótí ẹja kì í ṣe omi àti ẹja nìkan. Àwùjọ ni. Ọlọ́hun ti fi yé wa nínú Súrà al-An‘ām, ẹsẹ̀ 38, pé àwọn ẹ̀dá tí ń rìn lórí ilẹ̀ àti àwọn tí ń fi ìyẹ́ fò jẹ́ ìjọ ìjọ bí àwa ènìyàn. Ẹni tí ó bá fojú àwùjọ wo àpótí ẹja yóò mọ̀ pé kò ṣe é fọ̀ bí ẹni ń fọ ìkòkò ọbẹ̀.

Kì í sì í ṣe gbogbo ẹja gíláàsì ni ó ti òkè òkun wá. Ẹja kékeré aláwọ̀ mèremère kan wà tí àwọn asìnja lágbàáyé ń pè ní kribensis, tí abo rẹ̀ ní ikùn pupa. Inú odò gúúsù Nàìjíríà ni ilé rẹ̀, pàápàá odò Ethiope ní Ìpínlẹ̀ Delta. Ìkángun ilẹ̀ wa níbí ni wọ́n ti kọ́kọ́ mú un lọ sí Yúróòpù, ó sì ń padà wá bá wa lónìí bí àlejò.

OMI ÀPÁPÁ KÌ Í ṢE ẸYỌ KAN

Omi ni ó yí Àpápá ká. Láti àwọn ọdún 1920 ni ọkọ̀ òkun ńláńlá ti ń gúnlẹ̀ sí èbúté rẹ̀. Lagos Executive Development Board, ìgbìmọ̀ tí ìjọba amúnisìn dá sílẹ̀ ní 1928 lẹ́yìn àjàkálẹ̀ àrùn tí eku gbé wọ Èkó, ni ó la àdúgbò ibùgbé àti ti ilé-iṣẹ́ ńlá sí Àpápá ní àwọn ọdún 1950. Àbàtà púpọ̀ ni wọ́n fi iyanrìn dí kí ilé tó dúró lórí rẹ̀.

Nítorí pé ilẹ̀ náà súnmọ́ ọ̀sà àti òkun, omi tí wọ́n ń fà láti abẹ́ rẹ̀ kì í dà bí omi kànga Ìbàdàn tàbí ti Abẹ́òkúta. Òmíràn ní iyọ̀. Òmíràn ní irin, tí ó fi jẹ́ pé bí ó bá sùn sínú báàkẹ́ẹ̀tì di àárọ̀, àwọ̀ rẹ̀ a pọ́n bí ìpẹtà. Nípa bẹ́ẹ̀, ilé kan ṣoṣo lè máa lo omi oríṣi mẹ́rin láàárín oṣù kan: omi ẹ̀rọ ìjọba nígbà tí ó bá yọ, omi bọ́hóòlù, omi tí ọkọ̀ tánkà gbé wá, àti omi inú kẹ́ẹ̀gì tí mẹ́ruwà ń tì kiri bí wọ́n ti ń ṣe ní Ajégúnlẹ̀. Ènìyàn lè fi gbogbo wọn wẹ̀ láìmọ ìyàtọ̀. Ẹja mọ ìyàtọ̀, nítorí inú omi náà ni ó ń mí.

OHUN TÍ Ń PA ẸJA LỌ́JỌ́ ÌFỌ̀

Èkíní ni kilóríìnì, oògùn apakòkòrò tí wọ́n ń fi sí omi ẹ̀rọ. Ní 1908, ìlú Jersey City ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í fi oògùn yìí sí omi ìlú láìdáwọ́ dúró. Láti ìgbà náà ni ó ti tàn káàkiri ayé, tí ó sì ti gba ọ̀kẹ́ àìmọye ẹ̀mí lọ́wọ́ àrùn onígbáméjì àti ibà jẹ̀funjẹ̀fun. Oore ńlá ni fún ọmọ ènìyàn. Àwọn onímọ̀ ìlera fẹ́ kí ìdá díẹ̀ nínú rẹ̀, bíi mílígíráàmù 0.2 nínú lítà kan, ṣì wà nínú omi nígbà tí ó bá dé ẹnu ẹ̀rọ nínú ilé. Ṣùgbọ́n ìdajì ìwọ̀n yẹn pàápàá lè ṣe ẹja léṣe. Ènìyàn ń gbé omi gba ọ̀fun lọ sí ikùn. Ẹja ń fi í kọjá lára ẹran tín-ínrín tí ó fi ń mí lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí, ibẹ̀ ni kilóríìnì sì ti ń jó o bí iná. Nítorí náà, omi tí ó mọ́ fún àlùwàlá, tí ó mọ́ fún mímu, lè jẹ́ májèlé fún ẹja. Ohun kan kì í mọ́ fún gbogbo ẹ̀dá lọ́nà kan náà.

Èkejì ni pípa àwọn òṣìṣẹ́ tí ojú kò rí. Ẹja ń jẹun, ó sì ń yàgbẹ́. Láti inú ìgbẹ́ rẹ̀, láti ara rẹ̀ bí ó ti ń mí, àti láti inú oúnjẹ tí ó bá ṣẹ́kù ni májèlé kan tí ń jẹ́ amóníà ti ń jáde. Òun náà ni òórùn rẹ̀ ń ta ni nímú ní ilé ìtọ̀ tí wọn kò tọ́jú. Bí kò bá sí ẹni tí ń palẹ̀ amóníà mọ́, ẹja ì bá kú sínú ìdọ̀tí ara rẹ̀ láàárín ọjọ́ díẹ̀. Ṣùgbọ́n Ọlọ́hun ti fi òṣìṣẹ́ síbẹ̀. Àwọn bakitéríà kan wà tí amóníà jẹ́ oúnjẹ fún. Ikọ̀ kìn-ín-ní a sọ ọ́ di májèlé kejì. Ikọ̀ kejì a gba ìyẹn, a sọ ọ́ di ohun tí oró rẹ̀ kò tó nǹkan, tí ewéko lè jẹ. Ní nǹkan bí 1890 ni Sergei Winogradsky, ọmọ ilẹ̀ Rọ́ṣíà, yà irú àwọn ẹ̀dá yìí sọ́tọ̀ tí ayé fi mọ iṣẹ́ wọn.

Àwọn òṣìṣẹ́ wọ̀nyí kì í fi bẹ́ẹ̀ lúwẹ̀ẹ́ kiri inú omi. Ara fóòmù inú ẹ̀rọ asẹ́ ni wọ́n lẹ̀ mọ́, àti ara òkúta wẹ́wẹ́ tí wọ́n tẹ́ sí ìsàlẹ̀. Ohun tí ń yọ̀ bọ̀rọ́ lára fóòmù, tí ojú ń rí bí ẹ̀gbin, ìlú wọn ni. Nínú àpótí tuntun, ó ń gbà tó ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà kí wọ́n tó pọ̀ tó iṣẹ́ wọn. Ẹni tí ó bá bọ fóòmù sábẹ́ omi ẹ̀rọ, tí ó fún un títí tí ó fi funfun, tí ó tún fi omi gbígbóná ṣan òkúta, ti pa ìlú náà run ní wákàtí kan. Ẹja lè yè lọ́jọ́ ìfọ̀. Ní ọjọ́ kẹta tàbí ìkẹrin, nígbà tí amóníà bá kún, yóò kú, kò sì ní sí ẹni tí yóò rántí ọjọ́ ìfọ̀ mọ́. Wọn a ní oúnjẹ ni ó pa á.

Iná mànàmáná tí ń lọ tí ń bọ̀ tún ń kún ìṣòro yìí. Àwọn òṣìṣẹ́ náà nílò afẹ́fẹ́ nínú omi tí ń ṣàn. Bí ẹ̀rọ asẹ́ bá dákẹ́ fún ọ̀pọ̀ wákàtí, wọn a bẹ̀rẹ̀ sí í kú, omi inú ẹ̀rọ a rà. Bí iná bá sì dé, ẹ̀rọ a tú gbogbo rẹ̀ padà sórí ẹja.

Ẹ̀kẹta ni ìyípadà òjijì. Omi àpótí tí wọ́n ti pa tì fún oṣù púpọ̀ a máa kan díẹ̀díẹ̀. Nínú omi kíkan, amóníà a wà ní ẹ̀yà tí oró rẹ̀ kéré. Ẹja a máa jẹun, olówó rẹ̀ a rò pé kò sí ewu. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá wá da omi ẹ̀rọ púpọ̀ sí i, pàápàá èyí tí ilé-iṣẹ́ omi ti fi láìmù sí kí ó má baà jẹ páìpù, omi náà a kúrò ní kíkan, a sì súnmọ́ irú omi eérú tí àwọn ìyá wa fi ń se ọṣẹ dúdú. Kíá ni amóníà tí ó ṣẹ́kù yóò yí padà di májèlé gidi. Ìdí nìyí tí fífọ àpótí tí ó ti pẹ́ láìfọ̀ fi léwu ju fífọ èyí tí wọ́n ń tọ́jú déédéé lọ. Ooru àti òtútù náà ń bẹ níbẹ̀: omi tí oòrùn ọ̀sán ti gbóná nínú táǹkì orí òrùlé, bí wọ́n bá dà á lé ẹja lójijì, bí ẹni da omi gbígbóná sí ọmọ lórí ni.

Ẹ̀kẹrin ni àìtó afẹ́fẹ́. Bí omi bá ṣe ń gbóná sí i ni afẹ́fẹ́ ọ́síjìn inú rẹ̀ ń dín kù. Lítà omi kan tí ìwọ̀n ooru rẹ̀ jẹ́ 20 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́líṣíọ́ọ̀sì lè gba nǹkan bí mílígíráàmù 9 ọ́síjìn. Bí ooru bá di 30, bí ó ti sábà máa ń rí ní Èkó, kò lè gbà ju bíi 7 àbọ̀ lọ. Omi bọ́hóòlù tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fà kì í sábà ní tó ìyẹn pàápàá, nítorí inú ilẹ̀ tí afẹ́fẹ́ kò dé ni ó ti ń bọ̀. Irin inú rẹ̀ a sì di ìpẹtà tí yóò bo ibi tí ẹja fi ń mí. Fi èyí kún un pé nígbà ìfọ̀, inú abọ́ kékeré ni wọ́n ń há ẹja sí fún wákàtí méjì tàbí mẹ́ta. Òmíràn a fò jáde nínú abọ́ láìsí ẹni tí ó rí i, ìgbà tí wọ́n bá ń gbálẹ̀ ni wọn yóò rí òkú rẹ̀ lẹ́yìn àga.

Ọṣẹ tí ó ṣẹ́kù lára kànìnkànìn, bílíìṣì, àti oògùn ẹ̀fọn tí wọ́n fọ́n sínú yàrá láìbo àpótí, gbogbo wọn ni ó ń pa ẹja. Kò yẹ kí ọ̀kan nínú wọn súnmọ́ ibẹ̀.

BÍ Ó ṢE YẸ KÍ WỌ́N ṢE É

Àwọn àgbà sọ pé ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ohun tí a bá fagbára mú ní í nini lára. Gbogbo ọgbọ́n ìtọ́jú àpótí ẹja wà nínú òwe yìí. Má ṣe fọ gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Àpótí tí gígùn rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ntímítà 60, tí ìbú àti gíga rẹ̀ jẹ́ 30, ń gba lítà 54. Ìdá kan nínú mẹ́rin rẹ̀ ni ó tó láti pààrọ̀ ní ọ̀sẹ̀ kan: lítà 13 àbọ̀, èyí tí kò ju bí ìdajì kẹ́ẹ̀gì mẹ́ruwà lọ. Kí wọ́n fi róòbà tín-ínrín fa ìdọ̀tí láti ìsàlẹ̀, kí ẹja wà ní ààyè rẹ̀, láìgbé e kúrò.

Omi tí wọn yóò fi rọ́pò gbọ́dọ̀ ti wà nílẹ̀ láti ọjọ́ kan sí méjì nínú báàkẹ́ẹ̀tì tí kò ní ìdérí, tí ọṣẹ kò fọwọ́ kàn rí, kí kilóríìnì lè fẹ́ lọ. Bí ó bá jẹ́ omi bọ́hóòlù, kí wọ́n máa da á láti inú báàkẹ́ẹ̀tì kan sí èkejì lọ́pọ̀ ìgbà kí afẹ́fẹ́ lè wọ inú rẹ̀, kí wọ́n jẹ́ kí irin rẹ̀ sílẹ̀, kí wọ́n sì lo ti òkè nìkan. Ẹni tí kò bá lè dúró tó bẹ́ẹ̀ lè ra oògùn tí ń pa agbára kilóríìnì lọ́dọ̀ àwọn tí ń ta ẹja. Sodium thiosulfate, tí àwọn ayàwòrán àtijọ́ fi ń mú kí àwòrán dúró lára bébà, ni ó wà nínú púpọ̀ wọn. Àwọn ìlú kan wà ní Amẹ́ríkà àti ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí oògùn omi wọn kì í fẹ́ lọ bí ó ti wù kí omi pẹ́ nílẹ̀ tó; àwọn ọmọ wa tí ń gbé lọ́hùn-ún kò gbọdọ̀ gbẹ́kẹ̀ lé dídúró nìkan.

Kí wọ́n fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan omi méjèèjì kí wọ́n tó dà á, kí ọ̀kan má gbóná ju èkejì lọ. Kí wọ́n dà á díẹ̀díẹ̀. Ní ti fóòmù ẹ̀rọ asẹ́, inú omi àtijọ́ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fà jáde ni kí wọ́n ti rọra fún un lẹ́ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta. Kò ní funfun, kò sì yẹ kí ó funfun. Kí wọ́n má sì fọ fóòmù àti òkúta ní ọ̀sẹ̀ kan náà.

Bí ẹnìkan kò bá sì fẹ́ ẹja mọ́, kò gbọdọ̀ da á sínú gọ́tà tàbí ọ̀sà. Ẹja àjèjì nínú omi onílé lè di ọ̀tá fún àwọn tí ó bá níbẹ̀. Kí ó fún ẹni tí yóò tọ́jú rẹ̀.

ỌRÙN TA NI Ẹ̀BI WÀ?

Ní ọ̀pọ̀ ilé GRA, kì í ṣe ẹni tí ó ra ẹja ni ó ń fọ àpótí rẹ̀. Ọmọ ọ̀dọ̀ ni, tàbí ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà, tàbí obìnrin tí ń ti Ajégúnlẹ̀ wá síṣẹ́ láàárọ̀ tí ń padà sílé ní alẹ́. Wọ́n á ní, “Fọ àpótí yìí kí ó mọ́ dáadáa.” Kò sí ẹni tí ó sọ ti kilóríìnì fún un, kò sí ẹni tí ó sọ ti fóòmù. Nínú ilé ti òun náà, ohun tí wọ́n kọ́ ọ ni pé kí ohun èlò dán. Ó bu ọlá fún iṣẹ́ tí wọ́n rán an, ó fọ̀ ọ́ títí ó fi dán, ẹja sì kú. Lẹ́yìn náà ni èébú, ìgbájú, tàbí kí wọ́n gé owó ẹja lára owó oṣù rẹ̀.

Àwọn onímọ̀ òfin ẹ̀sìn ti sọ̀rọ̀ lórí irú èyí tipẹ́. Ọwọ́ òṣìṣẹ́ tí ènìyàn gbà sílé jẹ́ ọwọ́ amánà. Ohun tí ó bá bàjẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ kò di gbèsè sí i lọ́rùn, àyàfi bí ó bá mọ̀ọ́mọ̀ kọjá ààlà tàbí tí ó bá fi iṣẹ́ náà ṣe yẹpẹrẹ. Ẹni tí ó ṣe bí wọ́n ti rán an kò kọjá ààlà kankan. Owó oṣù rẹ̀ sì jẹ́ ẹ̀tọ́ tí Ànábì, kí ìkẹ́ Ọlọ́hun máa bá a, pa láṣẹ pé kí wọ́n san kí òógùn òṣìṣẹ́ tó gbẹ.

Anas ọmọ Mālik, kí Ọlọ́hun yọ́nú sí i, wà ní ọmọdé nígbà tí wọ́n fi í sínú iṣẹ́ ilé Ànábì ní Mẹ̀dínà. Ọdún mẹ́wàá ni ó fi ṣe é. Nígbà tí ó dàgbà, ó jẹ́rìí pé láàárín gbogbo ọdún wọ̀nyí, Ànábì kò ṣíọ̀ sí òun rí, kò bi òun rí pé kí ló dé tí òun ṣe ohun tí òun ṣe tàbí tí òun kò ṣe ohun tí òun kò ṣe. Ǹjẹ́ ó ṣeé ṣe kí ọmọdé ṣiṣẹ́ ilé fún ọdún mẹ́wàá kí nǹkankan má fọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kí omi kan má dànù? Àwọn nǹkan bàjẹ́. Ọkàn ọmọ náà ni Ànábì kò jẹ́ kí ó bàjẹ́.

Ẹni tí ó ra ẹja ni amánà ẹja náà wà lọ́rùn rẹ̀. Gbogbo wa ni a gbọ́ ti obìnrin tí ó so ológbò mọ́lẹ̀ títí ebi fi pa á kú, àti bí Ọlọ́hun ti fi ìyà jẹ ẹ́ nítorí rẹ̀. Ẹ̀dá tí a há mọ́ kò lè wá oúnjẹ fúnra rẹ̀. Ẹja inú gíláàsì kò sì lè wá omi mìíràn lọ. Àwọn kan a ní ẹja kì í kúkú pẹ́ láyé, pé àkókò rẹ̀ ni ó tó. Lóòótọ́ kò sí ẹ̀mí tí ń kọjá àkókò rẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe ìyẹn ni yóò bo àìbìkítà mọ́lẹ̀. Goldfish kan wà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ń pè ní Tish. Ní ibi eré ìtagbangba ni ọmọdé kan ti jẹ ẹ́ ní 1956, ọdún 1999 ni ó tó kú. Ọdún 43 ni ó lò láyé. Ẹja tí ó bá kú ní oṣù kẹta ní Àpápá, ó yẹ kí olówó rẹ̀ bi ara rẹ̀ léèrè ohun tí ó mọ̀ nípa omi rẹ̀ kí ó tó bi ẹlòmíràn.

Ohun tí ó tọ́ ni kí olówó ẹja kọ́kọ́ kọ́ iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀, kí ó dúró ti ẹni tí yóò ṣe é nígbà àkọ́kọ́ àti ìkejì, kí ó sọ ìdí rẹ̀ fún un. Bí ó bá sàn jù, kí ó fa iṣẹ́ náà lé àwọn ọmọ tirẹ̀ lọ́wọ́. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ń gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí, ohun tí ẹ bá fẹ́ràn, ẹ fi ọwọ́ ara yín tọ́jú rẹ̀.

ỌMỌ TÍ Ń SUNKÚN

Ó ku ìbéèrè kẹta. Ọ̀pọ̀ àgbàlagbà ni í máa rẹ́rìn-ín nígbà tí ọmọdé bá ń sunkún ẹja. Wọn a ní, “Ṣé nítorí ẹja lásán? A ó ra òmíràn lọ́la.” Wọn a ju òkú ẹja náà sínú ilé ìyàgbẹ́, wọn a sì fa omi lé e lórí ní ìṣojú ọmọ.

Anas tí a dárúkọ lẹ́ẹ̀kan ní àbúrò kan, ọmọ ìyá rẹ̀ Umm Sulaym àti Abū Talha. Abū ‘Umayr ni wọ́n ń pe ọmọ náà, kò tí ì pẹ́ púpọ̀ tí wọ́n já a lẹ́nu ọmú. Ó ní ẹyẹ kékeré kan tí àwọn Lárúbáwá ń pè ní nughayr, tí ó fi ń ṣeré. Ẹyẹ náà kú. Nígbà tí Ànábì wọ ilé náà, ó rí i pé ìbànújẹ́ bá ọmọ. Ó fi orúkọ àpọ́nlé tí wọ́n fi ń pe àgbàlagbà kí i, ó sì bi í léèrè, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ tí ó bá ara wọn dọ́gba bí eré ọmọdé, nípa ohun tí ẹyẹ kékeré náà ṣe. Al-Bukhārī àti Muslim ni wọ́n gbà á wá.

Ẹ wo ẹni tí ń bójú tó ìlú, tí ń gba àlejò àwọn ìjòyè, tí ìmísí Ọlọ́hun ń sọ̀ kalẹ̀ sí. Ó jókòó ti ọmọ kékeré nítorí ẹyẹ tí kò tó àtẹ́lẹwọ́. Kò sọ pé ẹyẹ lásán ni. Kò ṣèlérí òmíràn. Kò wá ẹni tí ó pa á. Ó béèrè ọ̀rọ̀ ẹyẹ náà lọ́wọ́ ọmọ, kí ọmọ lè rí ẹni sọ ọ́ fún. Nínú ìtàn kúkúrú yìí, Ibn al-Qāss, onímọ̀ òfin ní ìlànà Ṣáfíì tí ó kú ní ọdún 335 lẹ́yìn Híjírà, kọ ìwé kan tí ó fi yọ ẹ̀kọ́ tí ó lé ní ọgọ́ta jáde. Àwọn onímọ̀ sì rí ẹ̀rí nínú rẹ̀ pé ó tọ́ kí ọmọdé sin ẹyẹ, níwọ̀n bí wọn kò bá ti fi ìyà jẹ ẹ́. Ohun tí ó bá ẹyẹ mu bá ẹja mu.

Kí àwọn òbí ṣe bẹ́ẹ̀. Kí wọ́n jókòó ti ọmọ, kí wọ́n pe ẹja náà ní orúkọ tí ọmọ fún un, kí wọ́n jẹ́ kí ó sọ bí ó ti máa ń wá sí iwájú gíláàsì nígbà oúnjẹ. Kí wọ́n wa ihò kékeré sí ẹ̀gbẹ́ ọgbà, kí wọ́n bo ẹja náà mọ́lẹ̀. Kò sí àdúà òkú fún ẹja, kò sì sí àṣà kankan tí ó yẹ kí á dá sílẹ̀ lórí rẹ̀; ṣùgbọ́n kò sí ẹ̀ṣẹ̀ nínú kí á fi ọ̀wọ̀ gbé ẹ̀dá Ọlọ́hun kúrò nílẹ̀. Nígbà tí ẹkún bá dá, kí wọ́n sọ òtítọ́ fún un: omi tuntun ni ó ju agbára rẹ̀ lọ, ẹnikẹ́ni kò mọ̀, gbogbo ilé ni yóò sì kọ́ bí wọ́n ti ń ṣe é. Kí ọmọ má dàgbà pẹ̀lú èrò pé ọmọ ọ̀dọ̀ ni apànìyàn ẹja òun.

Àwọn méjèèjì ni wọ́n pàdánù lọ́jọ́ náà. Ọmọ ilé pàdánù ohun tí ó fẹ́ràn. Ọmọ ọ̀dọ̀ fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé òkú ohun tí ó ti fún lóúnjẹ láàárọ̀ fún ọjọ́ púpọ̀, ẹ̀rù sì ń bà á. Bóyá òun gan-an ni ó mọ ẹja náà jù nínú ilé. Ìdílé kan náà ni Anas àti Abū ‘Umayr ti jáde, inú ìwà Ànábì kan náà ni àwọn méjèèjì sì ti rí ìtura: ìránṣẹ́ kò gba ìbáwí tí kò tọ́ sí i, ọmọdé kò gba ẹ̀gàn lórí ìbànújẹ́ rẹ̀. Ilé tí ó bá ṣe ọ̀kan, tí kò ṣe èkejì, kò tí ì parí iṣẹ́.

Kí Ọlọ́hun fún wa ní ìmọ̀ tí yóò tọ́ àánú wa sọ́nà. Kí Ó jẹ́ kí á lè ṣàánú ẹ̀dá tí kò lè sọ̀rọ̀, kí á sì ṣe dáadáa sí ẹni tí kò lè fèsì nítorí pé abẹ́ wa ni ó ti ń jẹun. Kí Ó fi láádá sí gbogbo ohun tí á bá tọ́jú nítorí Rẹ̀. Āmīn.